Ẹ́ńjìnnì Tí Ó Dákẹ́ Lójú Omi

Ó ṣeé ṣe kí ó ya ọ̀pọ̀ nínú yín lẹ́nu pé èmi tí ẹ máa ń rí níhìn-ín pẹ̀lú ọ̀rọ̀ àpólà àti àrànmọ́ ni mo gbé irin dúdú tí epo bò yìí ka orí tábìlì lónìí. Olóòtú ètò wa pàápàá ti bi mí kí iná kámẹ́rà tó tàn pé, “Ọ̀mọ̀wé, ṣé ẹ ti di mẹkáníìkì ni?” Mo dá a lóhùn pé n kò tíì dà á. Fláìwíìlì ni àwọn oníṣẹ́ ń pe irin yìí. Orí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kan tí ó dàgbà ju púpọ̀ nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lọ ni wọ́n ti yọ ọ́. Ohun tí ojú mi rí lórí ọ̀sà Èkó ni ó mú mi wá irú rẹ̀ rí. Ọ̀rọ̀ kékeré kan nínú èdè wa, èyíinì ni ‘iná’, ni ó sì mú mi gbé e wá síwájú yín.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan ni. A wọ ọkọ̀ ní apá Ìkòròdú, a dorí kọ erékùṣù Èkó. Èrò mọ́kànlá ni wá, agbọ̀n ẹja mẹ́rin sì wà láàárín wa. Nígbà tí a dé agbedeméjì ọ̀sà, ẹ́ńjìnnì dákẹ́. Kò wúkọ́, kò kùn, kò rọra rẹlẹ̀ bí ẹni tí oorun ń gbé lọ. Ó dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo bí ẹni tí a fi ọwọ́ bò lẹ́nu. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń wa ọkọ̀ náà dìde, ó fa okùn, ó fà á títí òógùn fi bò ó. Ó yọ púlọ́ọ̀gì méjèèjì, ó fi tuntun sí i, pàbó ni. Ó wá dojú kọ kabúrétọ̀ láti tú u, bí ọkọ̀ sì ti ń mì ni sípánà bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ti ìsàlẹ̀ ọ̀sà. Oòrùn ń wọ̀, omi sì ń gbé wa lọ síhà ibi tí àwọn apẹja ri òpó sí.

Bàbá arúgbó kan wà nínú èrò tí kò tíì sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí a ti gbéra. Òun ni ó pe ọmọkùnrin náà.

“Ọmọ mi, ṣé ó wúkọ́ kí ó tó kú?”

“Rárá, Bàbá. Ó kàn kú ni.”

“Fi kabúrétọ̀ sílẹ̀. Ebi epo kì í pa ẹ́ńjìnnì kí ó máà ké. Wáyà tí o fi ń pa á dà? Ibo ni ó gbà?”

Ọmọkùnrin náà nawọ́ sí abẹ́ ọ̀kan nínú àwọn agbọ̀n ẹja. Bàbá yíjú sí obìnrin tí ó ni ẹrù, ó ní, “Ìyá, ẹ dákun, ẹ jẹ́ kí a sún ẹja yín díẹ̀.” Abẹ́ agbọ̀n náà ni wáyà méjì gbà láti ara ẹ́ńjìnnì wá sí ibi súwíìṣì tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó awakọ̀. Awọ wọn ti bó, ẹrù sì ti tẹ ọ̀kan mọ́ èkejì. Kò sí ohun tí a lè fi dì wọ́n nínú ọkọ̀. Bàbá tọ ipa wáyà náà lọ sí ara ẹ́ńjìnnì, ó yọ ọ̀kan kúrò ní ojú ìsopọ̀ rẹ̀, ó sì ní kí ọmọ fa okùn. Ní ìfà kejì, ẹ́ńjìnnì dáhùn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ro ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ yẹn kì í ṣe ọ̀lẹ, ọwọ́ rẹ̀ sì yá ju ti Bàbá lọ. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ti ń tú irin kí ẹnu rẹ̀ tó béèrè ohunkóhun. Bí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ bá dákẹ́ ní títì, a ó tì í sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ó sì jókòó sí abẹ́ igi títí mẹkáníìkì yóò fi dé. Ojú omi kò ní ẹ̀gbẹ́ títì. Ọkọ̀ tí kò ní agbára mọ́ yóò fi ẹ̀gbẹ́ fún ìgbì, omi yóò sì máa gbé e lọ sí ibi tí ó wù ú, òru yóò sì ṣú ba àwọn tí kò ní àtùpà. Ẹni tí ó bá ń fi àbá tú ẹ́ńjìnnì ní irú ibẹ̀ ń fi ẹ̀mí àwọn ẹlòmíràn dá àbá.

Kí n tó tẹ̀ síwájú, ẹ jẹ́ kí a mọ irú ẹ́ńjìnnì tí à ń sọ. Èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ni, tí abẹ̀bẹ̀ irin rẹ̀ wà nínú omi. Ole Evinrude, ọmọ Norway tí ó dàgbà sí Amẹ́ríkà, bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀ ní ìlú Milwaukee ní ọdún 1909. Òun kọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe irú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ ni ọjà náà ti gbilẹ̀. Yamaha ti Japan gbé tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1960. Ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe Johnson àti Evinrude wọ gbèsè ní ọdún 2000, àwọn mìíràn rà á, ní ọdún 2020 ni wọ́n sì dáwọ́ síṣe Evinrude dúró pátápátá. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì kì í kú nítorí pé ẹni tí ó ṣe é kógbá sílé. Àwọn tí ó ti lo ogójì ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ ṣì ń gbé ènìyàn kiri. Olóòtú bi mí pé ṣé kò sàn kí ẹni tí ó ní irú rẹ̀ ra tuntun. Ó sàn, bí owó bá wà. Ẹni tí owó kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ ni kò gbọdọ̀ máa ra kọ́ìlì tí kò bàjẹ́.

Ó wá kan irin tí ó wà níwájú mi. Mo fi ìṣó mẹ́ta sún mọ́ inú rẹ̀, ẹ sì rí i bí ó ti gbá wọn mú. Òòfà ni wọ́n dè mọ́ inú rẹ̀. Nígbà tí a bá fa okùn, irin yìí yóò yí, òòfà yóò sì máa kọjá níwájú kọ́ìlì tí ó jókòó sábẹ́ rẹ̀. Wáyà bàbà ni kọ́ìlì náà. Ìpele méjì ni wọ́n sì wé e. Ìpele kan nípọn, ìwé rẹ̀ kò pọ̀. Èkejì tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun, wọ́n sì wé e ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà. Bí òòfà bá ti ń kọjá, kárẹ́ńtì yóò dìde nínú wáyà tí ó nípọn, yóò sì máa gba ojú pọ́íǹtì kọjá. Pọ́íǹtì ni irin kékeré méjì tí ń pàdé tí wọ́n sì ń là. Bí wọ́n bá là lójijì, ọ̀nà já mọ́ kárẹ́ńtì lẹ́sẹ̀.

Ẹ rántí eré fífa okùn tí a máa ń ṣe ní ilé-ìwé. Bí apá kan bá ju okùn sílẹ̀ lójijì, gbogbo agbára tí ó wà nínú rẹ̀ ni yóò gbé apá kejì ṣubú. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni jíjá tí ọ̀nà já ti rí. Wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ yóò gba ìfàyọ náà, yóò sọ ọ́ di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fólítì, èyí ni yóò sì fò kọjá ní ẹnu púlọ́ọ̀gì, tí yóò sì ràn mọ́ epo. Kọndẹ́ńsà tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pọ́íǹtì ni ó ń gba ìyókù, kí pọ́íǹtì fúnra rẹ̀ má baà máa jó.

Ẹ ṣàkíyèsí pé n kò tíì dárúkọ bátìrì. Ẹ́ńjìnnì yìí ni ó ń ṣá iná tirẹ̀ fúnra rẹ̀, bí àwọn baba wa ti ń fi irin ṣá iná lára òkúta. Àwọn tí ó dé lẹ́yìn rẹ̀, láti òpin àwọn ọdún 1960 sókè, kò lo pọ́íǹtì mọ́. Kọ́ìlì kan ni ó ń kó agbára pamọ́ sínú àpótí dúdú kan, òmíràn a sì máa sọ fún àpótí náà ìgbà tí yóò tú u sílẹ̀. Àmọ́ nínú ọ̀pọ̀ wọn, láti ara òòfà fláìwíìlì ni agbára náà ti ń wá, kì í ṣe láti inú bátìrì.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ‘iná’ ti ń ṣe wá ní jàǹbá. Iná ni èyí tí a fi ń se oúnjẹ. Iná ni èyí tí ó wà nínú gílóòbù. Iná náà ni èyí tí púlọ́ọ̀gì ń ṣá. Mo wà ní ẹ̀bá odò kan nígbà tí ọ̀gá ń bi ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ pé, “Ṣé iná wà?” Ọmọ náà tẹ súwíìṣì àtùpà ọkọ̀, àtùpà tàn, ó ní, “Iná wà, ọ̀gá.” Nítorí ìdáhùn yìí, wọ́n fi odindi ọ̀sán fọ kabúrétọ̀. Ọmọ kò purọ́, ọ̀gá kò sì ṣi ọ̀rọ̀ lò. Iná ọ̀tọ̀ ni ẹni tí ó béèrè ń sọ, ọ̀tọ̀ ni èyí tí ẹni tí ó dáhùn wò. Àtùpà tí ń tàn ń jẹ́rìí bátìrì nìkan. Bátìrì lè kún dé ẹnu kí púlọ́ọ̀gì máà ṣáná rárá. A sì lè yọ bátìrì kúrò nínú ọkọ̀ kí ẹ́ńjìnnì olókùn máa ṣiṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ọ̀gá mìíràn tí mo bá sọ̀rọ̀ kò gba ‘iná’ láyè nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. ‘Kárẹ́ńtì púlọ́ọ̀gì’ ni àwọn ọmọ-iṣẹ́ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wí, tàbí ‘kárẹ́ńtì bátìrì’. Èmi tí mo ń kọ́ni ní ìmọ̀ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ rò pé ọ̀gá náà ṣe ju èmi lọ.

Ohun kejì tí ó ń da àwọn ènìyàn láàmú ni bí a ti ń pa ẹ́ńjìnnì yìí. Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ àtijọ́, kọ́kọ́rọ́ ni ó ń ṣí ọ̀nà fún kárẹ́ńtì bátìrì láti lọ sí kọ́ìlì. Bí a bá yí i padà, ọ̀nà ti, iná tán. Ti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi yàtọ̀ gédégédé. Kò sí ẹni tí ń fún un ní iná, nítorí náà kò sí ẹni tí ó lè fi àìfúnni pa á. Ohun tí súwíìṣì rẹ̀ ń ṣe ni pé ó so wáyà pọ́íǹtì tàbí ti àpótí dúdú pọ̀ mọ́ ara irin ẹ́ńjìnnì, èyí tí àwọn rewáyà ń pè ní ẹ́ẹ̀tì. Bí a bá ti ṣe bẹ́ẹ̀, kárẹ́ńtì ti rí ẹ̀bùrú. Bí pọ́íǹtì bá tilẹ̀ là, ọ̀nà kò já mọ́, okùn kò bọ́ lójijì, púlọ́ọ̀gì kò sì rí nǹkan kan ṣá. Lọ́rọ̀ kan, ti ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń so láti fi gbé e dìde, ti ojú omi ń so láti fi pa á.

Ẹ wá wo ohun tí èyí túmọ̀ sí fún ẹni tí ń wá àrùn. Nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́, wáyà tí ó já ni ó sábà máa ń pa iná. Nínú ẹ́ńjìnnì ojú omi àtijọ́, wáyà súwíìṣì lè já sí méjì kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lọ láìmọ̀. Wáyà tí ó bó tí ó sì fara kan irin ni ó ń pa á. Nítorí náà, nígbà tí kárẹ́ńtì púlọ́ọ̀gì bá sọnù, kí a kọ́kọ́ wá ohun tí ń gbé e pamọ́ kí a tó lọ ra ohun tí ń mú un wá. Omi ọ̀sà tí iyọ̀ wà nínú rẹ̀ a máa jẹ súwíìṣì, ooru a máa gbẹ awọ wáyà títí yóò fi là, ẹrù àti ẹsẹ̀ èrò a sì máa parí ìyókù. Ó tún wà tí ó jẹ́ pé okùn pupa tí awakọ̀ ń so mọ́ ọwọ́ ni a kò fi sí àyè rẹ̀. Wọ́n ṣe okùn yìí kí ẹ́ńjìnnì lè kú bí awakọ̀ bá ṣubú sómi, kí ọkọ̀ má baà yí padà wá tẹ̀ ẹ́. Lára ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì, bí ìdè rẹ̀ kò bá sí ní ojú súwíìṣì, ẹ fà á títí di ọ̀la, kò ní dáhùn.

Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa, ẹ̀yin tí ẹ ní ọkọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí rewáyà tí kò mọ̀ ju mọ́tò lọ gbé súwíìṣì ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ wá sórí ẹ́ńjìnnì ojú omi. Súwíìṣì yẹn yóò rán fólítì 12 ti bátìrì lọ sí ojú wáyà tí ẹ̀rọ ń retí láti bá ní ẹ́ẹ̀tì tàbí ní òfìfo. Ẹ́ńjìnnì olópòótí dúdú lè tipa bẹ́ẹ̀ pàdánù àpótí náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, àpótí náà sì wà lára ohun tí ó wọ́n jù lórí rẹ̀. Rewáyà náà kò ṣe ibi. Ẹ̀rọ tí ó kọ́ iṣẹ́ lára rẹ̀ ni kò jọ èyí.

Báwo wá ni a ṣe ń ṣe ìwádìí náà? Ìbéèrè àkọ́kọ́ kò ju ọ̀kan lọ: ṣé kárẹ́ńtì dé púlọ́ọ̀gì? A ó yọ púlọ́ọ̀gì, a ó so ẹnu wáyà rẹ̀ mọ́ ohun ìdánwò tí ó ní àlàfo, a ó so ohun ìdánwò náà mọ́ ara irin ẹ́ńjìnnì dáadáa, a ó sì fa okùn. Fún ẹ́ńjìnnì olópọ́íǹtì, iná tí ó lè fo àlàfo tí ó tó mílímítà mẹ́fà láìṣe wọ́bíwọ́bí ti tó. Kí gbogbo epo wà ní títì, kí ó sì jìnnà sí wa nígbà náà. Kí ẹnikẹ́ni má sì ṣe di wáyà náà mú. Mo ti rí ẹni tí ó ṣe é, ó sì fò bí ọ̀bọ.

Fífà tí a ń fà náà ṣe pàtàkì. Nítorí pé yíyí òòfà ni ó ń bí kárẹ́ńtì, bí ó bá yí jẹ́jẹ́, kò ní bí nǹkan kan. Nítorí náà ni ẹni tí apá rẹ̀ kò lágbára fi lè fa ẹ́ńjìnnì tí ara rẹ̀ dá kí ó sì rò pé ó kú. Ohun kan náà ni ó ń ṣe àwọn tí ń lo sítátà. Bí bátìrì bá ti rẹ̀, sítátà yóò yí ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n kò ní yí i kíákíá tó. Bí sítátà kò bá tilẹ̀ mira rárá, kí a kọ́kọ́ wò bóyá jíà ṣì wọlé, nítorí ọ̀pọ̀ ẹ́ńjìnnì ni kì í gbà kí sítátà yí nínú jíà. Lẹ́yìn náà ni kí a fọwọ́ kan orí bátìrì àti gbogbo ìsopọ̀ wáyà ńláńlá lẹ́yìn tí a bá ti gbìyànjú díẹ̀. Ibi tí ó bá gbóná ni ìsopọ̀ ti burú; ìpẹtà ni ó ń jẹ agbára tí ó yẹ kí ó dé ọ̀dọ̀ sítátà.

Ká ní púlọ́ọ̀gì kò ṣáná. Ìbéèrè kejì ni pé, ṣé ọ̀kan ni tàbí méjèèjì? Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ọmọ-iṣẹ́ kì í dúró sí, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wà. Nínú ẹ́ńjìnnì onísílíńdà méjì irú ti Johnson àti Evinrude àtijọ́, sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní pọ́íǹtì tirẹ̀, ó ní kọndẹ́ńsà tirẹ̀, ó sì ní kọ́ìlì tirẹ̀. Bí ọ̀kan bá kú, a mọ̀ pé ohun tí ó jẹ́ tirẹ̀ nìkan ni ó bàjẹ́. Bí méjèèjì bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, ó ṣòro kí kọ́ìlì méjì tí kò bára wọn tan bàjẹ́ ní wákàtí kan náà. Ohun tí wọ́n jọ ní ni kí a wò, èyí tí ó sì yá láti wò jù lọ nínú rẹ̀ ni ọ̀nà wáyà súwíìṣì. Ẹ yọ wáyà náà kúrò ní ìdí rẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì, ẹ tún fa okùn. Bí iná bá padà dé, ẹ ti rí àrùn náà láìná kọ́bọ̀.

Fún èyí tí ó ku ẹyọ kan, ọgbọ́n kan wà tí mo fẹ́ràn púpọ̀, nítorí ó jọ ohun tí àwa onímọ̀ èdè máa ń ṣe nígbà tí a bá fi ọ̀rọ̀ kan rọ́pò òmíràn nínú gbólóhùn kí a lè mọ iṣẹ́ tí ó ń ṣe. Ẹ gbé kọ́ìlì sílíńdà òkè lọ sí ti ìsàlẹ̀, kí ẹ gbé ti ìsàlẹ̀ wá sókè, kí ẹ máà yí ohun mìíràn padà. Bí àrùn bá bá kọ́ìlì lọ, kọ́ìlì ni. Bí àrùn bá dúró sí ibi tí ó wà, kọ́ìlì kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Ẹni tí ó bá pa kọ́ìlì, kọndẹ́ńsà àti púlọ́ọ̀gì dà pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà lè rí ẹ́ńjìnnì tí ó dìde, ṣùgbọ́n kò ní mọ ohun tí ó jí i, yóò sì tún tú gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ mìíràn.

Pọ́íǹtì ni ó máa ń jẹ̀bi jù nínú ẹ́ńjìnnì tí ó ti jókòó fún ìgbà pípẹ́. Ojú rẹ̀ a dọ́gùn-ún, a sì di aláìjẹ́-kí-kárẹ́ńtì-kọjá. Sáńpépà tí ó kúnná jù lọ ni kí a fi rọra nù ún, kí a wá fi bébà tí ó mọ́ nu eérú rẹ̀ kúrò. Sáńpépà tí ó le yóò fi ojú rẹ̀ ṣe abẹ́rẹ́ abẹ́rẹ́. Fún Johnson àti Evinrude tí mo wí yẹn, àlàfo pọ́íǹtì nígbà tí ó bá là tán kò gbọdọ̀ ju ìdajì mílímítà lọ, kò sì gbọdọ̀ dín sí i. Kọ́ìlì àwọn tí wọ́n ṣe ní ọdún 1950 sí 1960 ní àléébù kan tí ojú lè rí: ara rẹ̀ máa ń sán bí ilẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, kárẹ́ńtì a sì máa gba ojú sísán náà sá lọ. Kọ́ìlì tí ó bá ti sán kò yẹ ní títẹ̀lé, àní bí ó tilẹ̀ ń ṣáná lónìí. Kí a tó dé ìdí àwọn nǹkan wọ̀nyí, a ní láti yọ fláìwíìlì, irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe fún fífà á sì wà. Ẹni tí ó bá fi òòlù lu orí rẹ̀ yóò ba ọ̀pá àárín ẹ́ńjìnnì jẹ́, yóò sì lè sán òòfà. Nígbà tí a bá yọ ọ́ tán, kí a wo irin pẹlẹbẹ kékeré tí ó dè é mọ́ ọ̀pá náà. Bí ó bá ti gé, iná yóò wà, epo yóò wà, ṣùgbọ́n iná yóò máa dé ní àsìkò tí kò yẹ, ẹ́ńjìnnì yóò sì máa tapá mọ́ ẹni tí ń fa okùn.

Ti epo kò ní gba àkókò wa púpọ̀. Bí iná bá dára tí ẹ́ńjìnnì kò sì dáhùn, ẹ wo ẹnu púlọ́ọ̀gì lẹ́yìn ìfà bíi mẹ́wàá. Bí ó bá gbẹ, epo kò dé: ẹ wo ihò afẹ́fẹ́ orí táńkì, ẹ wo rọ́bà tí a ń tẹ̀ láti fa epo, ẹ wo bóyá omi wọ inú epo. Bí ó bá tutù rẹ́kẹrẹ̀kẹ, epo pọ̀ jù tàbí ọ́ìlì pọ̀ nínú rẹ̀. Bí ó bá ń wúkọ́ kí ó tó kú, ojú ọ̀nà epo ni kí a kọ́kọ́ wò, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti wí lórí ọ̀sà.

Ẹ̀yin olùkọ́, ọ̀rọ̀ wáyà kan ṣì kù tí ó kan iṣẹ́ wa. Ilé-iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tí ó fi ń mọ wáyà. Wáyà tí ń pa ẹ́ńjìnnì lára ọ̀pọ̀ Yamaha funfun ni. Lára Johnson àti Evinrude tí kò pẹ́ púpọ̀, dúdú tí ó ní ìlà yẹ́lò ni. Ṣùgbọ́n ẹ́ńjìnnì tí ó ti lo ogójì ọdún ti gba ọwọ́ ọ̀pọ̀ rewáyà, àwọ̀ tí ó bá wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ náà ni wọ́n fi rọ́pò. Bí a bá kọ́ ọmọ pé ‘wáyà funfun’, a ti kọ́ ọ ní ohun tí yóò tàn án jẹ. Bí a bá kọ́ ọ pé ‘wáyà apaná’, ‘wáyà ẹ́ẹ̀tì’, ‘wáyà sítátà’, iṣẹ́ wáyà ni ó ti mọ̀, ohunkóhun tí ì báà jẹ́ àwọ̀ rẹ̀. Kí ó fi tépù kékeré kọ orúkọ náà sí i lára kí ó tó yọ ọ́. Láti ọdún 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ní Ifáfitì Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ẹ̀kọ́, títí kan sáyẹ́ǹsì, fún odindi ọdún mẹ́fà, láti fi hàn pé ó ṣeé ṣe. Àwọn ọ̀gá etí odò ti ń ṣe é tipẹ́ láìkọ ìwé. Ẹ rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ kọ ọ̀rọ̀ wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi pe nǹkan bẹ́ẹ̀. N kò rò pé ìgbìmọ̀ kankan yóò ṣe ‘apaná’ dára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Olóòtú ń fọwọ́ sí mi pé àkókò ń lọ, ṣùgbọ́n ó tún bi mí ní ohun tí ẹ̀yin náà ti lè máa bi ara yín: bí Bàbá bá ti yọ wáyà apaná, báwo ni wọ́n ṣe pa ẹ́ńjìnnì náà nígbà tí a dé èbúté? Ìbéèrè gidi ni, nítorí ẹ́ńjìnnì tí kò ṣeé pa léwu bí èyí tí kò ṣeé gbé dìde. Ọgbọ́n tí a fi ń délé ni yíyọ wáyà yẹn, kì í ṣe àtúnṣe. Bí awakọ̀ bá ṣubú sómi nígbà náà, okùn pupa kò lè ràn án lọ́wọ́. Gbogbo ọ̀nà ni Bàbá fi jókòó ti ẹ́ńjìnnì, ó ní kí ọmọ rọra máa wà á, kí ó sì jókòó, kó má dìde rárá. Bí a ti fẹ́ kan èbúté ni ọmọkùnrin náà wo súwíìṣì rẹ̀, ó wo Bàbá, ó ní, “Ẹ jọ̀ọ́, Bàbá, kí ni mo máa fi pa á?”

“Fa ṣóòkù.”

Ó fa ṣóòkù jáde tán, afẹ́fẹ́ kò wọlé mọ́, epo bo ẹ́ńjìnnì lẹ́nu. Lọ́tẹ̀ yìí, ó wúkọ́ kí ó tó kú. Bàbá ní, “O gbọ́ ọ? Bí ti epo ti ń ké nìyẹn. Má ṣe gbé èrò kankan lọ́la títí o óò fi dí wáyà yẹn, kí o sì gbà á ní ibi tí ẹrù kò lè dé.” Nígbà tí mo gun orí pákó èbúté tí mo bojú wẹ̀yìn, ọmọkùnrin náà ti tan tọ́ọ̀ṣì, ó fi í há ẹnu, ó ń fi ìka tọ wáyà náà láti ìdí ẹ́ńjìnnì bọ̀ díẹ̀díẹ̀.